Owó Ọta

Èmi náà dá nínú owó náà. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.
Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà, mo kà á sọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ ọ̀dọ́
lábẹ́ ìrókò ẹ̀yìn ilé ìwé ní Ògìdì Ìjùmú,
bí àwọn àdán ti ń tọ̀ sí wa lórí,
tí wọ́n ń jà, tí wọ́n ń han
bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni. Àpáta gbóná dé àtẹ́lẹsẹ̀.
Wọ́n dé bí wọ́n ti í dé lọ́dọọdún,
láti ibi tí ẹnikẹ́ni wa kò mọ̀,
wọ́n so rọ̀ lórí ìrókò bí ẹ̀wù àlòkù
tí alágbàfọ̀ gbàgbé sórí okùn.
Ojú ajá, apá agboòrùn,
ọrùn pípọ́n bí koríko inú oyẹ́.
"Àdán dorí kodò, ó ń wòṣe ẹyẹ,"
bàbá mi a máa wí.
Mo dúró lábẹ́ wọn, mo wòkè:
àwa ni wọ́n ń wò.

Ohun tí a kà sí wọn lọ́rùn kò kéré.
Páànù ṣọ́ọ̀ṣì ti di aláwọ̀ ìbépẹ,
aṣọ ọmọ tuntun kò ṣeé sá síta,
omi táńkì nọ́ọ̀sì ń rùn,
màngóòrò Ọláìfá, wọ́n jẹ ìdajì, wọ́n sọ ìdajì nù.
Ẹnì kan tilẹ̀ ní àwọn ló ń gbé ọ̀rọ̀ burúkú wọ̀lú.
Bẹ́ẹ̀ ẹnu ènìyàn ni mo ti ń gbọ́ ọ.

Tolúhì yìnbọn fún ọjọ́ mẹ́ta.
Lọ́jọ́ kẹta ó mú ọ̀kan nílẹ̀, ó tú apá rẹ̀ wò:
ọmọ kan wà níbẹ̀, ìhòhò,
ẹnu rẹ̀ kò tíì kúrò lọ́mú.
Ọmú! Ẹyẹ wo ló ń fọ́mọ lọ́mú?
Tolúhì jókòó sórí gbòǹgbò.
Ó yọ ọta tó kù, ó dá a padà,
ẹyọ méje.
Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀.

Àwọn àdán tó kù ti lọ. Ilé dákẹ́. A sùn.

Nígbà náà ni irúgbá yọ òdòdó,
bọ́ọ̀lù pupa lẹ́nu okùn gígùn,
ó ṣí i lálẹ́ bó ti máa ń ṣí i,
ó gbé oyin kalẹ̀ de àlejò.
Kòkòrò díẹ̀ yà á wò. Afẹ́fẹ́ yà á wò.
Òdòdó ń já bọ́ sójú ọ̀nà oko, à ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ìyá mi, Ìpindùn, tó ti ń se irú kí wọ́n tó bí mi,
lọ sídìí igi mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, ó kí wọn ní "Okún o."
Èso tó kó bọ̀ kò kún ìkòkò kan.
"Àwọn àdán dà?" ló bi mí.
"Àdán kẹ̀?"
"Àwọn lọkọ igi yìí. Ẹ pa ọkọ, ẹ ń retí oyún."
Mi ò sọ̀rọ̀ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà fún un.
Magí la fi se ọbẹ̀ ọdún náà.

Mo wá ń wo ohun tí mo ti ń rí láti kékeré:
ọ̀pọ̀tọ́ tó hù láàárín àpáta,
níbi tí ewúrẹ́ pàápàá kò lè gùn dé,
ta ló gbìn ín?
Ìrókò fúnra rẹ̀, ta ló yà á nígbẹ̀ẹ́ síbẹ̀?
Ìgbẹ́ tí à ń bú lórí páànù,
igbó ló wà nínú rẹ̀.

Lọ́dún yìí, lẹ́yìn Kérésì, mo gbọ́ fàà, fàà, lóru.
Ilẹ̀ mọ́, mo sáré lọ:
mọ́kànlá péré lórí ìrókò. Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì.
Ọ̀kan tọ̀ sí mi lójú.
Mo nu ojú,
mo lọ wá ìdérí fún táńkì nọ́ọ̀sì.